Rodiyah, Èmi Ni Mo Já Jummai Lẹ́nu Ọmú

Rodiyah Àwẹ̀ró, àbúrò mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o ti kẹ́yìn sí wa. Bísímílà ni mo fi mú bírò. Mo mọ̀ pé òkú kì í fèsì ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òkú gbọ́dọ̀ wá jábọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú á máa tì í lórí ẹní ìkírun.

Ọdún márùn-ún! Àwẹ̀ró, ọmọ a-fọwọ́-kan-èèpo-mọ-iṣu-tó-ta! Ọmọ ìlú alálùkùránì, níbi tí ariwo kéwú ti ń jí àkùkọ! Arẹwà tí í bínú ọ̀ọ́rọ̀, tí í rẹ́rìn-ín ọ̀sán! A ò rí irú rẹ mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn tó dùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní ọjà Ipata ò tíì tì. Èmi ni mo ń jókòó níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń kó iṣu wá ṣì ń pè é ní ìdí Rodiyah. Bí mo bá ní èmi Màsúdát, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni mo wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n á ní, "A ti gbọ́, Ìyá. Ìdí Rodiyah náà la ó já ẹrù sí." Ilé rẹ tí o fi sílẹ̀ láìlórùlé, a ti kan pánù sí i. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ. Ìwà wọn ò yí padà. Ọṣẹ ni wọ́n ṣì ń jẹ.

Ìròyìn tó dùn parí síbẹ̀ ná. Ó ku èyí tó há mi lọ́fun.

Ọ̀sẹ̀ tí o lọ, Saeedah, ọmọ kan ṣoṣo tí o bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Bàbá rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ lọ. O di ọwọ́ mi mú, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kó lọ́kọ kó tó gbàwé ẹ̀rí. Ẹ rí i pé ó di dókítà." Mo ní mo gbọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Mo tún fi ọmú ìyá tí a jọ mu ṣẹ̀rí.

Àwẹ̀ró, ọdún méjì ò tíì pé tí mo fi ba èkíní jẹ́. Èmi náà ni mo bà á jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tì mí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì Saeedah, Àbdùlkàdírì lorúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn àgbẹ̀ ní ìgbèríko wa níbí, ó gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já máńgòrò. Ojoojúmọ́ ló ń wá bá a kàwé ní ojúde wa. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á kó ìwé lé e, wọ́n á máa ké orúkọ eegun ara bí ẹni ń ké kéwú. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á parí i. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ wọn. Wàláhì, mi ò rí nǹkan kan tó burú.

Ṣùgbọ́n ẹnu aládùúgbò! Ìyàwó ilé kan wá bá mi, ó ní, "Màmá, gbogbo ẹ̀yà ara tí wọ́n ń kà yìí, ṣé inú ìwé náà ni gbogbo rẹ̀ á mọ?" Mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé Alfa Bẹ̀llò lọ, mo ní kó bá wa so yìgì fún àwọn ọmọ yìí kí wọ́n tó sọ wá di orin.

Saeedah yanu. Ó ní, "Màmá Àgbà, a ò tíì sọ fúnra wa pé a fẹ́ra wa o. Ìdánwò là ń kàwé fún."

Mo ní, "Ìdánwò náà ni ìgbéyàwó. Ẹ lọ kà á."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀rín yẹn ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn tó bá ń kánjú, ohun gbogbo ló ń dà bí ìdáhùn létí rẹ̀.

A so yìgì. Wọ́n gba yàrá méjì ní àdúgbò Fate. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Ọlọ́run fún wọn ní ọmọbìnrin, ọjọ́ Jímọ̀ ni, a sọ ọ́ ní Jummai. Rodiyah, o ti di ìyá àgbà! Iwájú orí rẹ ló gbé wá, ó tún gbé ẹnu rẹ wá. Ọjọ́ kẹjọ la sọmọ lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni Saeedah wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó kọ ìdánwò náà, ọmú ń kán sórí ìwé. Ó yege! Mo bú sẹ́kún, mo ní ẹ rí ọmọ Rodiyah!

Àṣé ẹ̀rín ṣì ń bọ̀ wá dẹkún gidi.

Ilé tí bàbá ti ń lọ sílé ìwé, tí ìyá ti ń lọ sílé ìwé, ta ni yóò gbé ọmọ? Bí ìyá bá wà ní wọ́ọ̀dù, ọmọ wà lẹ́yìn bàbá. Bí bàbá bá wà ní wọ́ọ̀dù, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní wọ́ọ̀dù, ọmọ wà lọ́dọ̀ mi ní Ipata, láàárín iṣu. Nǹkan ìṣeré rẹ̀ kò ju okùn tí àwọn dókítà ń fi sí etí gbọ́ àyà aláìsàn. Eyín ń hù ú, ó ń rún un jẹ.

Jummai pé oṣù méje lọ́sẹ̀ tí Àbdùlkàdírì ní ìdánwò ńlá kan, níbi tí ọ̀gá wọn á ti dúró tì wọ́n níwájú aláìsàn. Ó fi okùn sétí, ó gbé e lé àyà bàbá kan, ó tẹ́tí títí. Ọ̀gá ní, "Kí lo gbọ́?" Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà. Ọkàn ò lù." Bàbá náà dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Dókítà, ẹ bẹ Ọlọ́run o! Mo ṣì wà láyé!"

Ògì ni Jummai ti fi dí okùn náà, Àwẹ̀ró. Ògì ọkà-bàbà tí mo fọwọ́ ara mi sè.

Wọ́n ní kí Àbdùlkàdírì wá tún ìdánwò ṣe. Ó délé, ó ní Saeedah ló fi okùn òun sílẹ̀ fún ọmọ. Saeedah ní ta ni bàbá ọmọ? Ọkọ ní aya kì í gbọ́ràn. Aya ní ọkọ kì í gbọ́ igbe ọmọ, débi tí yóò gbọ́ àyà aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun ọkùnrin náà wọ eegun. Ó fa ìwé yọ, ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

Rodiyah, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn aláìsàn ló ṣe kọ ọ́. Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago. Ohun tó ń ṣe é: àìgbọ́ràn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀: láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìtọ́jú: ìkọ̀sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Saeedah kà á tán, ó mú bírò, ó ní, "O ò kọ orúkọ aláìsàn." Ó bá a kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà fún un.

Mo ká ọwọ́ lérí, mo sá lọ bá Alfa Bẹ̀llò. Alfa ní, "Màsúdát, fara balẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ilé ọkọ ni yóò ti ṣe iddah, ìdúró obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, yóò máa ka nǹkan oṣù rẹ̀. Kí nǹkan oṣù náà tó pé ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ọkọ bá ní òun dá a padà, ìyàwó rẹ̀ ni. Bó bá pé, tí kò sọ nǹkan kan, okùn já."

Mo ní, "Alfa, ọmọ yìí ò tíì rí nǹkan oṣù láti ìgbà tó ti bímọ. Ó ń fọ́mọ lọ́mú."

Ó ní, "Kíkà náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó di ìgbà tó bá padà rí i."

Ọgbọ́n wọ orí mi, Àwẹ̀ró! Ọgbọ́n burúkú! Mo ní bí Jummai kò bá kúrò lẹ́nu ọmú, ìgbéyàwó ò ní tú. Alhamdulilahi! Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti kírun Àsúbàá, Fate ló kù. Kúnnú nìyí, Saeedah, mu ún. Ẹ̀pà nìyí, jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ ẹja gbígbóná nìyí, ó dára fún ọmú. Bó bá ní, "Màmá Àgbà, ọmọ yìí ti ń jẹ tùwó," mo ní ṣé ọmọ tí eyín rẹ̀ ò tíì pé lo fẹ́ pa? Jummai pé ọdún kan, mo ní ó kéré. Ó pé ọdún kan àti ààbọ̀, mo ní ara rẹ̀ ò yá. Ọmọ tó ń sáré kiri ojúde! Ọmọ tó ń fa àga fúnra rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ kan di ẹran mú, tó ń fi èkejì tú bọ́tìnnì aṣọ!

Kí ni àwọn méjèèjì wá ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Yàrá kan fún ọkọ, yàrá kan fún aya, tábìlì kan láàárín. Ọkọ ní bí aya bá bẹ òun, òun á dá a padà. Aya ní ẹni tó fi bírò kọ ọ́ ni kó fi bírò pa á rẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọkọ, mo kúnlẹ̀ fún aya, orúnkún mi bó. Ṣùgbọ́n ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó kọ ìyàwó sílẹ̀ náà ló ń bi ìyàwó ní ìbéèrè, tí ó ń sọ pé, "O gbà á!"

Mo bẹ Alfa Bẹ̀llò pé kó wá bá wọn parí ìjà. Ó dé lẹ́yìn ìrun Alásàárì, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ wáàsí, "Ẹ̀yin ọmọ mi, sùúrù ni òpó ilé." Saeedah kò wo ojú Alfa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Alfa, ẹ dákun, ọrùn ẹsẹ̀ yín wú."

Àbdùlkàdírì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó wú lóòótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ihò ò dí. Wò ó."

Kí n tó ní àsìtàgífírúlà, wọ́n ti tẹ́ Alfa sórí ẹní. Ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. "Ẹ mí sínú, Alfa." "Ẹ má mí mọ́." "Mo ní kí wọ́n mí, ìwọ ní kí wọ́n má mí, ṣé o fẹ́ pa Alfa ni?" "Ọkàn ni." "Kíndìnrín ni." "Ọkàn ni mo wí!" Alfa gbójú sókè lórí ẹní, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fẹnu kò sí ọ̀kan."

Wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Wọ́n jọ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, Alfa ń lo oògùn, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó wá bá mi ní Ipata, ó ní, "Màsúdát, èmi lo rán lọ ṣe làjà, èmi náà ni wọ́n làjà fún. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Àwọn ọmọ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń jọ wo aláìsàn ju bí wọ́n ṣe ń jọ gbélé lọ."

Mi ò gbọ́. Ẹni tó bá ń sáré lórí àṣìṣe, ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Mo tún kúnnú pò.

Ọjọ́ tí mo gbé kúnnú yẹn dé, Saeedah nìkan ló wà nílé. Ó ti gbẹ, Rodiyah. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Jummai wà lẹ́nu ọmú rẹ̀, ìwé wà lórí Jummai, ojú Saeedah sì ti pa dé lórí ìwé. Mo jí i, mo ní gba kúnnú. Kò gbà á.

Ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ jókòó. Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ kúkú ni."

Mo gbé kúnnú sílẹ̀.

Ó ní, "Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù mẹ́rin. Bí ọmọ yìí bá ń fa agbára mi báyìí, mo máa fìdí rẹmi. Bí mo bá já a lẹ́nu ọmú, nǹkan oṣù á padà dé, kíkà á bẹ̀rẹ̀, ìgbéyàwó tí ẹ so á tú. Ọ̀kan ni yóò ṣẹ́ kù nínú méjèèjì. Ẹ sọ fún mi, Màmá Àgbà. Èwo nínú wọn ni màmá mi bẹ̀ yín fún?"

Àwẹ̀ró! Ọmọ rẹ ló bi mí bẹ́ẹ̀! Ohùn rẹ ló fi bi mí!

Mo dìde, mo já Jummai kúrò lára ìyá rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. O mọ àṣà wa: ìyá àgbà ni í gbé ọmọ lọ bó bá tó já lẹ́nu ọmú, kí ó má baà máa rí ìyá rẹ̀. Ìwọ ló yẹ kó wá gbé e. Èmi ni mo gbé e. Kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Fate dé Ipata, Jummai ń ké, èmi náà ń ké, awakọ̀ ní, "Màmá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni ojú mi fi rí nǹkan. Jummai fa ọmú tèmi, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí bí oníbàárà tí wọ́n ta iṣu jíjẹrà fún. Ní ọjọ́ kẹrin, ó béèrè fún tùwó.

Saeedah sùn. Saeedah jẹun. Saeedah kàwé. Oṣù kan, kíkà bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ̀kẹta pé, Àbdùlkàdírì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín iṣu. Ó ní, "Màmá, mo lè dá a padà lónìí. Ẹ̀sìn gbà mí láyè. Ṣé kí n ṣe é?" Rodiyah, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi orúnkún wá láti ọdún tó kọjá rèé! Ó dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Àbdùlkàdírì ọkọ mi, ìgbà àkọ́kọ́, mi ò bi Saeedah. Lọ bi í."

Ó lọ bi í. Saeedah ní, "A mọ̀wé pọ̀, a ò mọ ilé pọ̀. Jẹ́ ká ṣe èyí tí a mọ̀." Ọmọkùnrin náà sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kó bi òun ní ìbéèrè kan lórí ẹ̀dọ̀fóró. Bí okùn ṣe já nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ òkò, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ àlùfààṣá. Saeedah padà sí ilé rẹ tó ti ní pánù. Jummai ń sùn sọ́dọ̀ ìyá, ó ń sùn sọ́dọ̀ bàbá, níbi méjèèjì ló ti ń jẹ gàba.

Wọ́n kọ ìdánwò. Èmi gbààwẹ̀ fún Saeedah. Nígbà tó yá, mo fi ti ọmọkùnrin náà kún un, nítorí ògì mi ló kọ́kọ́ kó bá a. Èsì dé. Àwọn méjèèjì yege! Allahu Akbar! Àwọn méjèèjì!

Oṣù tó kọjá ni wọ́n búra fún wọn. Mo wọ léèsì rẹ, èyí aláwọ̀ ewé, ó fún mi ní ìbàdí ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́. Gbọ̀ngàn kún. Saeedah jókòó níwájú nínú aṣọ funfun, Jummai wà lọ́rùn bàbá rẹ̀ nínú aṣọ funfun tirẹ̀, ó ń darí àwọn dókítà. Nígbà tí wọ́n búra tán, ọ̀gá kan gba ẹ̀rọ, ó ní kí gbogbo òbí àwọn dókítà tuntun dìde, kí ayé rí wọn.

Àga ń dún gbàràgbàrà. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n dìde. Ta ni mo jẹ́? Mo wo iwájú, mo rí Saeedah tó yí ọrùn padà, tó ń wá ojú ẹnìkan láàárín èrò. Mo dìde, Rodiyah. Mo dìde gan-an ni. Obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fà mí mọ́ra, ó ní, "Ẹ kú oríire, Alhaja. Kí lorúkọ yín?"

Mo ní, "Rodiyah."

Irọ́ ni. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la níbẹ̀, ohun tí n óò sọ kò ní yàtọ̀.

Ohun méjì lo bẹ̀ mí, àbúrò mi. Ọ̀kan bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, dárí jì mí. Èkejì rèé: Saeedah ọmọ rẹ ti di dókítà. Kí Ọlọ́run tẹ́ àlìjáńnà sílẹ̀ fún ọ, kó fi òórùn dídùn kún sàréè rẹ. Ọdún márùn-ún, a ò gbàgbé ẹ̀rín rẹ. Ọdún márùn-ún, àwo rẹ ṣì wà lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni ò fi jẹun. A fẹ́ràn rẹ, Àwẹ̀ró. A fẹ́ràn rẹ, a sì ń wá ọ, nílé, lọ́jà, àti nínú gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ní kí òbí dìde.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, Màsúdát, lórúkọ gbogbo ẹbí, àti Jummai tó ń fa bírò yìí mọ́ mi lọ́wọ́.